Ọwọ́ Ta Ni Àlùmọ́gàjí Wà?

Ìṣẹ́jú-àáyá 43 ni ìran náà gbà. Ó dá mi lójú, torí èmi ni mo gé e sọnù.

Obìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú wòlíì nínú ṣọ́ọ̀ṣì onípáànù. Ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé. Wòlíì kò bèèrè owó, kò tilẹ̀ la ẹnu; ó kàn tẹjú mọ́ òrùka ìgbéyàwó tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Obìnrin náà rí ibi tí ojú rẹ̀ wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ òrùka, òrùka ò fẹ́ jáde. Ó tutọ́ sí i, ó ń yí i, ó ń fà á, títí oríkèé ìka rẹ̀ fi pọ́n. Káámẹ́rà kò kúrò lára ìka yẹn títí òrùka fi bọ́. Màmá tó kó ipa náà kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbogbo àwa tí a sì wà ní lókéṣọ̀n lọ́jọ́ náà dákẹ́ bí ẹni pé ìsìn ń lọ lọ́wọ́.

Mákẹ́tà tó fẹ́ gbé fíìmù náà jáde ní Ìdúmọ̀tà ló jókòó sẹ́yìn mi nígbà tí mò ń tò ó. Alhaji sì ni. Ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, "Ẹ́dítọ̀, bá mi yọ ibẹ̀ yẹn kúrò. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló ń ra ọjà lọ́wọ́ mi jù." Mo wo dírẹ́kítọ̀. Dírẹ́kítọ̀ wo ilẹ̀. Owó Alhaji ló wà nínú iṣẹ́, ta ni yóò yanu? Mo tẹ bọ́tìnnì kan, ó tán.

Ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù. Obìnrin wọ ṣọ́ọ̀ṣì tòun ti òrùka lọ́wọ́. Nínú ìran tó tẹ̀ lé e, ọkọ rẹ̀ ń pariwo lé e lórí: "Òrùka mi dà?" Obìnrin ò lè fèsì. Ẹni tó bá ń wò ó yóò gbà pé àlè ló gbé e fún. A yọ ìṣẹ́jú-àáyá 43, a sì sọ abiyamọ di oníṣekúṣe. Bí a ti tún lọ síwájú díẹ̀, babaláwo kan wà nínú fíìmù náà tó fi ẹfun kun ojú, agbárí tí wọ́n fi simẹ́ńtì funfun mọ wà níwájú rẹ̀, ó ń da ẹ̀jẹ̀ sínú igbá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìkookò. Mi ò tíì rí babaláwo tó ń rẹ́rìn-ín báyẹn rí láyé mi. Nígbà tí a débẹ̀, Alhaji da ẹ̀pà sẹ́nu. "Eléyìí dáa," ló wí. "Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i."

Fíìmù jáde. Ìyá mi ra tirẹ̀, ó wò ó, ó pè mí láti kí mi kú iṣẹ́. Ó wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ò sunwọ̀n o." Ẹnu mi wúwo. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé èmi ni mo ba obìnrin náà lórúkọ jẹ́?

Kò yẹ kó ṣàjèjì sí mi, torí inú ilé tí wọ́n ti ń gé nǹkan ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ní Ìbàdàn, nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò gbòde, rìmóòtù kì í kúrò lọ́wọ́ bàbá mi. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá ti ń wo ara wọn ní ìwòkuwò, bàbá a tẹ̀ ẹ́. Àwòrán a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ọkùnrin a máa bọ́ ẹ̀wù bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ lára, ilẹ̀kùn a pa dé, ilẹ̀ a mọ́. Àwa ọmọ a bú sẹ́rìn-ín, torí eré sísá yẹn gan-an ló jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi àdá ṣá ènìyàn, tàbí tí wọ́n ń gún ọmọ nínú odó, bàbá ò ní mira. Ẹ̀jẹ̀ ò níṣòro. Lẹ́yìn wákàtí méjì tí wọ́n ti para wọn tán, wọn a wá kọ ọ́ gàdàgbà lédè Gẹ̀ẹ́sì sójú àwòrán pé ti Ọlọ́run ni gbogbo ògo. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi ògo irú ìyẹn ṣe.

Mi ò bá bàbá jà. Baba onílé ni, ó ń ṣọ́ ilé rẹ̀, gbogbo wa la sì rí ọwọ́ rẹ̀ lórí rìmóòtù. Yorùbá náà kúkú gbà pé gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá kan náà ló ní Òkèbàdàn. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo mọ ohun tí mò ń wí. Lọ́jọ́ Òkèbàdàn, ohun tí bàbá mi ń fi rìmóòtù sá fún nílé, àgbà àti ọmọdé ń kọ ọ́ lórin ní títì, wọ́n ń dárúkọ nǹkan ọkùnrin àti nǹkan obìnrin láìfi bò, wọ́n ń bú olówó, wọ́n ń bú olóyè, kò sì sẹ́ni tó ń pe ọlọ́pàá. Àwọn ará Kétu àti Yewa ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ tiwọn, tí wọ́n fi ń kọrin bú èèyàn. Ọba kì í pa ọ̀kọrin. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó ń wu ọba láti pa á.

Ọba òde òní ni kò gbọ́ òwe yẹn. Àwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ yọ Hubert Ogunde lẹ́nu ní Jọ́ọ̀sì ní 1946 nítorí eré tó ṣe lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́. A gba òmìnira tán, a rò pé ó parí. Ní 1964 ni Ogunde gbé Yorùbá Ronú sórí ìtàgé, ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, Akíntọ́lá, igbákejì rẹ̀ nígbà kan, wà lórí àga, ọmọdé tó ń ta orógbó níbùdókọ̀ pàápàá mọ ẹni tí orin ń bá wí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ogunde pátápátá ní agbègbè náà. Onítọ̀hún ò dákẹ́, ó fi eré mìíràn dáhùn, ó pè é ní Òtítọ́ Korò. Ohun tí wọ́n fi ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni pé ó fẹ́ da ìlú rú. Ẹ wo ẹni tó da ìlú rú ní Ìwọ̀-Oòrùn láàárín 1964 sí 1966, ẹ sọ fún mi bóyá òṣèré ni.

Adékúnlé Fájuyì ló mú òfin náà kúrò lọ́rùn Ogunde ní 1966, nígbà tó di gómìnà ológun. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń gbá mi mú nìyí. Ní July ọdún kan náà, àwọn sójà pa Fájuyì pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun nígbà náà, nílùú Ìbàdàn. Ìpànìyàn ọdún yẹn ló tì wá lọ sógun. Lẹ́yìn ohun tó lé ní 40 ọdún, ọkùnrin Yorùbá kan tí wọ́n bí ní Kafanchan, Biyi Bandele, ya ìpànìyàn 1966 náà àti ogun tó tẹ̀ lé e sínú fíìmù, àlùmọ́gàjí sì tún yọ. Ọdún tí wọ́n dá òṣèré kan sílẹ̀ ni ọdún tí òṣèré mìíràn ò gbọdọ̀ fi hàn wá.

Half of a Yellow Sun ni fíìmù náà, láti inú ìwé Chimamanda Ngozi Adichie. Ìwé yìí ti wà lórí àtẹ láti 2006, wọ́n ń tà á ní gbangba, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé e kúrò. Fíìmù rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde ní Toronto ní September 2013. Ní Nàìjíríà, April 25, 2014 ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn, àmọ́ Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò kò fún wọn níwèé àṣẹ. August 1 ló tó dé sinimá wa, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ díẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀rù pé yóò dá ìjà ẹ̀yà sílẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó ń bà wọ́n. N ò ní fi ìyẹn ṣẹ̀sín. Ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú April 25 yẹn ni wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin ní Chibok. Ilẹ̀ gbóná. Ẹni tó bá wà lórí àga ìgbìmọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó má jẹ́ ènìyàn burúkú.

Síbẹ̀, ní 2013, ìgbìmọ̀ kan náà ti gbẹ́sẹ̀ lé fíìmù àkọsílẹ̀ tí Ishaya Bako ṣe lórí owó ìrànwọ́ epo, Fuelling Poverty. Kò sí ìjà ẹ̀yà nínú ìyẹn. Epo, owó, àti àwọn tó kó o jẹ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó tú síta ní January 2012. Wọ́n ní yóò da ìlú rú. Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn níbì kan rí. Òfin ológun, nọ́ńbà 85 ti 1993, ló dá ìgbìmọ̀ yìí sílẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá irin tí sójà rọ lè gbàgbé ọwọ́ tó kọ́kọ́ dì í mú.

Bí mo bá dúró síbí, ó rọrùn: ìjọba burú, òṣèré dára, ó parí. Ẹ̀yọ̀ ni kò jẹ́ kó parí.

Ìsàlẹ̀-Èkó ni ìyá mi ti wá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n mú wa lọ wo Ẹ̀yọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Màmá àgbà ti yẹ ẹsẹ̀ wa wò nílé kí a tó jáde, pé kò gbọdọ̀ sí bàtà. Ó tún yẹ orí àwọn ọmọbìnrin wò bóyá ẹnikẹ́ni di ṣùkú. Ohun tí mo rántí jù ni ariwo agbádá funfun: aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀, ń dún bí òjò tó ń bọ̀ láti òdìkejì ọ̀sà. Àkẹtẹ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yọ̀ kan yà sọ́dọ̀ wa, ó fi ọ̀pámbàtà kan màmá àgbà léjìká fẹ́ẹ́, ó ní òun yọ̀ fún un, òun yọ̀ fún ara òun. Obìnrin tí kì í sunkún ni màmá àgbà. Ó sunkún.

Ní April 7, 2023, Gangs of Lagos tí Jade Osiberu darí jáde lórí Prime Video. Àwọn tó wọ aṣọ Ẹ̀yọ̀ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pa ènìyàn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bínú, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó bínú, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Ìyá mi wò ó lórí fóònù àbúrò mi. Ó wò ó dé ibẹ̀, ó da fóònù dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ̀yọ̀ kì í gbébọn," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì ga rárá.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Mo ní, "Fíìmù ni, Mọ̀ọ́mì. Jàǹdùkú ló wọ aṣọ, kì í ṣe Ẹ̀yọ̀. Àwọn tó ń wò ó mọ ìyàtọ̀." Mo ní nígbà tí wọ́n ń fi aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ọ̀daràn nínú fíìmù òyìnbó, kò sẹ́ni tó gbà pé gbogbo àlùfáà ló ń yìnbọn. Mo sọ̀rọ̀ bíi lọ́yà. Mọ̀ọ́mì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá ní, "Àwọn tó mọ Ẹ̀yọ̀ mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tí kò rí Ẹ̀yọ̀ rí ńkọ́? Èyí tí ẹ fi hàn án yẹn ni Ẹ̀yọ̀ tirẹ̀."

Ibẹ̀ ni òrùka yẹn ti padà wá bá mi. Ìyá mi tí mò ń sọ fún pé òǹwòran mọ ìyàtọ̀ yìí ni ìyá mi tó ní obìnrin ọjọ́sí yẹn ò sunwọ̀n. Ohun tí mo fi hàn án ló gbà gbọ́. Kò sì burú nítorí bẹ́ẹ̀. Ohun tí fíìmù wà fún nìyẹn. Bí àwòrán bá lágbára tó láti mú wa sunkún nítorí ẹni tí kò sí láyé, ó lágbára láti purọ́ mọ́ ẹni tó wà láyé. Àwa oníṣẹ́ fíìmù kì í fẹ́ gba apá kejì. Nígbà tí wọ́n bá ń fún wa ní àmì-ẹ̀yẹ, a ó ní fíìmù lè yí ayé padà. Nígbà tí wọ́n bá ń bínú, a ó ní ẹ fọkàn balẹ̀, eré lásán ni.

Síbẹ̀síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n yọ ìran Ẹ̀yọ̀ yẹn kúrò. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó dùn wọ́n, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà láàárín wa. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó mìíràn gbé káámẹ́rà, kó ya ejìká màmá àgbà fún ayé rí. Ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó lọ sílé ẹjọ́ ju bí mo ṣe bọ̀wọ̀ fún Alhaji lọ, àti fún ara mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n dárúkọ ara wọn. Wọ́n sọ ohun tó dùn wọ́n ní gbangba, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jiyàn mọ ẹni tó fẹ́ bá jiyàn. Èmi àti Alhaji ò jiyàn. Yàrá kan, ẹ̀pà, bọ́tìnnì kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí òǹwòran kan tó mọ̀ pé a yọ nǹkan kan. Ogunde mọ̀ pé wọ́n fòfin de òun, gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ló sì mọ̀. Obìnrin olórùka yẹn ò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tí ọ̀rọ̀ Ẹ̀yọ̀ gbé dìde tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni bi ara rẹ̀. Ó ti lé ní 30 ọdún tí a ti ń fi babaláwo pa ọmọ inú fíìmù. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí wọ́n fi ń dáfá, a sọ ọ́ di okùn ajẹ́nìyàn. Òpìtàn ni babaláwo, oníṣègùn ni. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ọ̀kan nílé ẹbí tí kò pa ju adìyẹ lọ rí. Ta ló gbé ìyẹn lọ sílé ẹjọ́ nígbà náà? Alhaji ní kó pẹ́ díẹ̀ sí i, mo sì jẹ́ kó pẹ́. Ẹ̀yọ̀ ní Ìsàlẹ̀-Èkó lẹ́yìn, ó ní ọba, ó ní lọ́yà. Wòlíì ní àwọn tó ń ra kásẹ́ẹ̀tì. Ifá ò ní mákẹ́tà.

Ní May 2024, Shaibu Husseini, ọ̀gá àgbà ìgbìmọ̀ náà, kéde òfin tuntun pé fíìmù, fídíò orin àti sìkíìtì ò gbọdọ̀ máa gbé oògùn owó, ìpànìyàn ṣètùtù àti sìgá lárugẹ mọ́. Àwọn kan yọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi nídìí iṣẹ́ gbaná jẹ. Èmi jókòó. Agbárí simẹ́ńtì yẹn ò ní ṣe mí ní àárò, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí orúkọ Ifá ni wọ́n ṣe òfin náà, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ni. Ó dára. Ní January 2022, nígbà tí wọ́n mú àwọn ọmọkùnrin kan ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ti gé orí ọmọbìnrin kan, tí wọ́n ń sun ún nínú ìkòkò, ọ̀kan nínú wọn ní orí Facebook lòun ti kọ́ ọ. Kò dárúkọ fíìmù. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn aṣòfin l'Ábújà fi dìde, fíìmù sì ni wọ́n nawọ́ sí. Ó yé mi. Ó rọrùn láti bá ẹni tí àdírẹ́sì ọ́fíìsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni wí.

Ta ni yóò sì wọn "gbé lárugẹ"? Bí ọmọkùnrin kan bá fi ìyá rẹ̀ ṣoògùn, tó ra mọ́tò, tó gbádùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 90, tó wá ya wèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn, ṣé ìkìlọ̀ nìyẹn àbí ìpolówó ọjà? Ẹ́dítọ̀ ni mí, mo sì lè sọ fún yín pé bó ṣe ń rí jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi tí a ti gé e. N ò fẹ́ kí ẹni tó jókòó l'Ábújà bá mi mú ibi tí mo ti máa gé e. Mi ò sì lè sọ pé ọwọ́ tèmi mọ́ ju tirẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, dírẹ́kítọ̀ pè mí. Alhaji ti fi ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ilẹ̀ ló ń tà báyìí ní apá Mowe. Dírẹ́kítọ̀ ní òun fẹ́ gbé fíìmù wa sórí YouTube, ṣé ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo wá hard drive àtijọ́ náà kàn nínú agolo Bournvita, ó kọ́kọ́ ń dún kẹ́ kẹ́ kẹ́ bí ẹni tí eyín rẹ̀ ń gbọ̀n, ó wá ṣí. Òrùka wà níbẹ̀. Mo dá a padà sáàyè rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ò bá ti ìyókù mu mọ́ dáadáa, ó pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e fún ìyá mi wò. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí n dá a padà sẹ́yìn, wọ́n tún un wò. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n dìde lọ bu omi.

Mo wá fi ìran yẹn nìkan ránṣẹ́ sí màmá tó kó ipa náà lórí WhatsApp. Wọ́n ti lé ní 70 ọdún, wọn ò rí i rí, torí nígbà tí fíìmù jáde kò sí níbẹ̀. Àmì búlúù méjì yọ. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó fèsì. Ohùn ni wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, adìyẹ ń ké lẹ́yìn wọn.

"Ọmọ mi, o ṣé é o. Mo ti rí i. Ẹ wo bí ìka mi ṣe rọ̀ nígbà yẹn. Ṣé o mọ̀ pé òrùka mi gan-an ni? Wọn ò dá a padà fún mi lọ́jọ́ náà. Jọ̀ọ́, bá mi bi dírẹ́kítọ̀ yín."